Ẹ fẹ́ di agbẹ̀bí? Àwọn ìbéèrè tó ń wá léraléra nípa ilé ìwé àti owó

Kí niṣẹ́ agbẹ̀bí gan-an, ṣebí kéèyàn kàn gba ọmọ ni?

Gbígba ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn nínú nǹkan tó lé lóṣù mẹ́sàn-án. Agbẹ̀bí ló ń yẹ aboyún wò látìbẹ̀rẹ̀, ó ń wọn ìfúnpá, ó ń fọwọ́ wá ibi tórí ọmọ wà, ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ó ń dúró ti obìnrin nígbà ìrọbí, ó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ibi bá ti jáde, ó ń ran ìyá lọ́wọ́ kọ́mọ lè mú ọyàn, ọmọ tí ò bá sì sunkún òun náà ló máa kọ́kọ́ dá a sí èémí kí dókítà tó dé. Ìfètòsọ́mọbíbí náà wà lára ẹ̀.

Ibi tó le jù níbẹ̀ ni kéèyàn mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ òun. Oyún tó ń lọ geere, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni, tó bá ti ń yí padà ó gbọ́dọ̀ tètè fura kó sì tètè ké sí dókítà. Ohun tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ni nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ọ̀nà fúnra wọn, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n la kọ́ṣẹ́ tìtorí wọn.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí nọ́ọ̀sì, àti sí doula?

Nọ́ọ̀sì ń tọ́jú aláìsàn oríṣiríṣi, ẹni tí agbẹ̀bí ń tọ́jú sì lè má ṣàìsàn rárá, ó kàn lóyún ni. Doula ní tiẹ̀ máa ń dúró ti aboyún, á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á bá a sọ̀rọ̀, á fi í lọ́kàn balẹ̀. Kò láṣẹ àtifúnni lóògùn, kò láṣẹ àtigbẹ̀bí.

Torí owó ni mo ṣe ń sọ èyí o. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń polówó pé ọjọ́ díẹ̀ lẹ máa fi ṣe é tẹ́ ẹ ó sì gba sátífíkéètì, doula ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni mi ò bú u, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ọsibítù pé agbẹ̀bí ni yín, wọn ò ní gbà yín.

Ọ̀nà mélòó ló wà téèyàn lè gbà di agbẹ̀bí?

Mẹ́ta ni mo máa ń kà. Àkọ́kọ́ ni kéèyàn wọlé tààrà, kò ní ṣe nọ́ọ̀sì rárá, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló máa kọ́ látọjọ́ kìíní. Ìkejì ni kéèyàn kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì, kó wá fi agbẹ̀bí lé e. Ìkẹta ni ti ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀gá agbẹ̀bí kiri fún ọdún díẹ̀, tó ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan tó ṣe jọ, tó wá lọ ṣe ìdánwò. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìkẹta yìí ò pọ̀ o. Amẹ́ríkà wà lára wọn, CPM ni wọ́n ń pe irú agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ibẹ̀ náà ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì.

ICM, ìyẹn àjọ àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé, ní ìlànà tó rọrùn láti rántí. Ẹni tó bá wọlé tààrà, ó kéré tán ọdún 3 ni kó fi kọ́ ọ. Ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, ó kéré tán oṣù 18. Wọ́n tún ní ó kéré tán ìdajì àkókò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ilé ìwé tó bá ní òun máa sọ yín di agbẹ̀bí lóṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa fi sí.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Britain ọdún 3 ni àwọn tó wọlé tààrà máa ń lò, ní Canada àti Netherlands ó jẹ́ 4, ní Sweden ẹ ò lè wọlé tààrà rárá, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 3 kẹ́ ẹ tó wá lo ọdún kan àtààbọ̀ fún agbẹ̀bí.

Kí n wọlé tààrà ni àbí kí n kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì?

Ká tó sọ èwo ló dáa, ṣé àwọn méjèèjì wà níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́? Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà, ọ̀rọ̀ parí.

Tí méjèèjì bá wà, tó sì dá yín lójú pé aboyún àti ọmọ tuntun nìkan lẹ fẹ́ fi ayé yín tọ́jú, ẹ wọlé tààrà. Ẹ ó tètè parí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san owó ilé ìwé, gbogbo ọdún yẹn lẹ sì fi wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Aburú ẹ̀ ni pé láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo lẹ ní. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín lọ́jọ́ iwájú tẹ́ ẹ ò lè dìde dìde mọ́, tàbí tẹ́ ẹ bá kó lọ síbi tí wọn kì í gba agbẹ̀bí tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní ibòmíì tẹ́ ẹ lè yà sí.

Ní tèmi ṣá, ẹni tí kò lówó tí kò sì lẹ́ni tó máa ràn án lọ́wọ́, mo máa ń ní kó wo ọ̀nà nọ́ọ̀sì dáadáa. Ó pẹ́ jù lóòótọ́. Àmọ́ láàárín méjì yẹn ẹ ti ń gba owó oṣù nọ́ọ̀sì, owó oṣù yẹn lẹ lè fi san ti agbẹ̀bí, àwọn ọsibítù míì tiẹ̀ máa ń rán nọ́ọ̀sì tiwọn lọ kọ́ ọ láìdá owó oṣù ẹ̀ dúró. Àwọn kan máa sọ pé agbẹ̀bí tó ti ṣe nọ́ọ̀sì máa ń rí gbogbo aboyún bí aláìsàn, èmi ti rí àwọn tó rí bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Dípúlómà ni kí n ṣe àbí dígírì?

Tí láísẹ́ǹsì tí méjèèjì máa fún yín bá jẹ́ ọ̀kan náà, tówó ò sì sí, ẹ ṣe dípúlómà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè padà wá fi dígírì kún un. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé ẹ máa ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tàbí pé ẹ máa di olùkọ́, ẹ wá dígírì látìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ibì kan ti gbé òṣùwọ̀n sókè gan-an. Ní Amẹ́ríkà, látọdún 2010, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò CNM, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ agbẹ̀bí, gbọ́dọ̀ ní dígírì kejì lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti master's.

Kí ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó gbà mí wọlé?

Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, pàápàá báólójì, kẹ́místírì náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, ìṣirò náà, torí ẹni tí ò lè ṣírò ìwọ̀n oògùn léwu nínú wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, lẹ́tà ẹni tó mọ̀ yín, àyẹ̀wò ara, abẹ́rẹ́ àjẹsára bíi ti hepatitis B, àti ìwé tó fi hàn pé ọlọ́pàá ò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn yín. Intáfíù náà máa ń wà.

Ìbéèrè tí wọ́n fi ń já àwọn èèyàn ní intáfíù ni "kí ló dé tó o fẹ́ ṣe agbẹ̀bí?" Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé òun fẹ́ràn ọmọ. Ìyá lẹ fẹ́ tọ́jú o, ọmọ á tẹ̀lé e. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa obìnrin, ẹ sọ nípa ìgbà tẹ́ ẹ bá ẹnì kan jókòó nínú ìnira, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ṣífítì òru.

Mi ò ṣe dáadáa nínú sáyẹ́ǹsì, ṣé ó ti parí fún mi nìyẹn?

Kò tíì parí. Ẹ lè tún ìdánwò yẹn ṣe, tàbí kẹ́ ẹ wá ètò ìmúrasílẹ̀ ọlọ́dún kan tí àwọn ilé ìwé gíga kan máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwé agbẹ̀bí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba èsì ètò yẹn, torí mo mọ ẹnì kan tó fi odindi ọdún kan ṣe ètò tí ilé ìwé tó fẹ́ ò kà sí.

Mo ti lé lógójì, ṣé kò tíì pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Àwọn tó ti dàgbà máa ń pọ̀ nínú kíláàsì agbẹ̀bí, àwọn kan ti bímọ tiwọn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ míì rí. Ibi tọ́jọ́ orí ti ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ jù ni owó, torí àwọn sikọ́láṣíìpù àti lóònù kan níye ọdún tí wọn kì í kọjá, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù.

Ọkùnrin ni mí, ṣé wọ́n máa gbà mí?

Lọ́pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Britain ọdún 1983 ni ìdènà tí òfin fi sílẹ̀ fún ọkùnrin tó kúrò pátápátá. Àwọn aboyún kan máa ní àwọn ò fẹ́ ọkùnrin, ẹ̀tọ́ wọn ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìbínú, àmọ́ ẹ bi ilé ìwé yín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é kí iye ìbí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà lè pé.

Ẹ̀jẹ̀ máa ń kó jìnnìjìnnì bá mi ńkọ́?

Ó máa ń lọ. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù, tójú bá ti ń ṣú yín ẹ jókòó sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹlẹ́yà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé ìwé tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń gbowó?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí iye owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí láísẹ́ǹsì. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní òfin agbẹ̀bí ló ní ìgbìmọ̀ tàbí àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé, ẹ wá orúkọ ilé ìwé yẹn nínú ìwé àjọ náà fúnra ẹ̀, ẹ má gba ohun tí ilé ìwé kọ sára pátákó. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá ìfọwọ́sí yẹn ṣì wà, torí wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ ilé ìwé nígbà míì. Ilé ìwé olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìfọwọ́sí ló wọ́n jù láyé yìí, torí ẹ ó san gbogbo ẹ̀ tán, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, ẹ ó wá tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíì.

Ohun kejì ni clinical, ìyẹn àsìkò tẹ́ ẹ máa wà ní ọsibítù. Ẹ béèrè ọsibítù wo, ẹ béèrè bóyá ìwé àdéhùn wà láàárín ilé ìwé àti ọsibítù náà, ẹ béèrè pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló máa ń wà nínú wọ́ọ̀dù ìrọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá jẹ́ ọmọ díẹ̀ ni wọ́n ń bí níbẹ̀ lójúmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé mẹ́ta sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn àwọn èèyàn lẹ máa dúró sí tẹ́ ẹ ó máa nàró wòran. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó, òfin àwọn orílẹ̀-èdè European Union sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ gba ọmọ 40 ó kéré tán. Tí ọmọ ò bá pọ̀ níbẹ̀ wọ́n lè dín in kù sí 30, ṣùgbọ́n kó tún bá wọn lọ́wọ́ sí ìbí 20 míì. Wọ́n tún ní kó yẹ aboyún wò, ó kéré tán ìgbà 100. Ilé ìwé tí kò lè sọ iye tiẹ̀ fún yín, kò tíì ronú nípa ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ilé ìwé máa mú wá bá yín o, ẹ wá tiyín fúnra yín. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mélòó ni wọ́n ṣẹ́kù, owó wo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ìdá mélòó ló ń yege ìdánwò láísẹ́ǹsì nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọn olùkọ́ níbẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí gidi tó ṣì ń wọ wọ́ọ̀dù.

Ṣé mo lè kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì látilé?

Ìwé ẹ̀ o, ẹ lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé ìwé gidi kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ò ṣeé kọ́ lórí fóònù. Ètò tó dáa tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì máa sọ fún yín ọsibítù tẹ́ ẹ máa lọ àti wákàtí tẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ wá ibi clinical fúnra yín, ẹ wá a kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, torí àwọn kan sanwó tán kí wọ́n tó rí i pé kò sí ọsibítù kankan tó fẹ́ gbà wọ́n.

Eélòó ló máa ná mi lápapọ̀?

Owó ilé ìwé lẹ rí nínú ìwé, àwọn tó kù ló ń pa èèyàn. Ẹ mú bébà: fọ́ọ̀mù àti ìdánwò àbáwọlé, àyẹ̀wò ara àti abẹ́rẹ́, yunifọ́ọ̀mù tí kò lè jẹ́ ẹyọ kan torí ẹ̀jẹ̀ àti omi á dà sí i, bàtà tẹ́ ẹ lè dúró lé fún wákàtí 12, aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, ìwé, dátà, ọkọ̀ lọ sí ọsibítù tó lè jìnnà sílé ìwé, ilé gbígbé tí wọ́n bá rán yín lọ sílùú míì fún clinical, inṣọ́ránsì iṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ẹ̀, owó ìdánwò láísẹ́ǹsì, owó ìforúkọsílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àti owó tẹ́ ẹ máa fi jẹun láàárín ìgbà tẹ́ ẹ parí sí ìgbà tí láísẹ́ǹsì máa jáde, tó lè gbà tó oṣù mélòó kan.

Èyí tó tóbi jù ò sí nínú ìwé kankan, òun ni owó oṣù tẹ́ ẹ ò ní gbà torí ẹ wà nílé ìwé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ kàwé fún ọdún 3, owó oṣù 36 ló ń fi sílẹ̀ yẹn. Ẹ fi kún un kẹ́ ẹ tó fi ilé ìwé méjì wéra. Ẹni tó bá lọ́mọ, ẹ ṣírò ẹni tó máa wà pẹ̀lú wọn lóru, torí ìrọbí kì í wo aago.

Níbo lowó ti lè wá?

Ìjọba lẹ máa kọ́kọ́ wò, torí ìdí wà tí wọ́n fi máa fẹ́ sanwó. Ìròyìn kan tí UNFPA (àjọ ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye èèyàn), WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti ICM gbé jáde lọ́dún 2021 sọ pé agbẹ̀bí tó kù láyé tó 900,000, ìjọba tó mọ̀ pé àwọn ò ní agbẹ̀bí tó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Àmọ́ owó ìjọba máa ń yí padà: England fòpin sí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní 2017, wọ́n sọ ọ́ di lóònù, ní 2020 wọ́n tún dá owó kan padà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní san pa dà. Torí náà ẹ má fi ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí gbà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ṣe ìṣirò, ẹ wo tọdún yìí.

Lẹ́yìn ìjọba, ẹ wo ọsibítù tó ń wá òṣìṣẹ́, pàápàá èyí tó wà níbi táwọn èèyàn kì í fẹ́ lọ. Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí orílẹ̀-èdè yín, ẹ wo ilé ìjọsìn, ẹ wo ilé ìwé fúnra ẹ̀, torí àwọn ilé ìwé kan lówó nílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan le fún, tí ẹnikẹ́ni ò bá sì béèrè wọn ò ní kígbe ẹ̀. Àwọn sikọ́láṣíìpù kéékèèké yìí, ẹ má fojú kéré wọn, èyí tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń du ò jọ èyí tí èèyàn mẹ́wàá ń du.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní apprenticeship náà wà níbì kan, England ń ṣe é, ọsibítù gbà yín síṣẹ́, ó ń san owó oṣù, ẹ sì ń kàwé dígírì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ààyè ẹ̀ ò pọ̀.

Ọsibítù fẹ́ sanwó fún mi ṣùgbọ́n mo máa sìn wọ́n fún ọdún mélòó kan, ṣé kí n gbà?

Mo fẹ́ràn irú ètò yìí ju lóònù lọ, torí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí. Wales ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gba owó ìrànwọ́ wọn fún kọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ọlọ́dún mẹ́ta máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 2 lẹ́yìn tó bá parí, ìyẹn ò burú rárá.

Àmọ́ ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ọdún mélòó? Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí ni àbí ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì jáde? Tẹ́ ẹ bá lóyún láàárín ńkọ́, ṣé wọ́n máa dá a dúró ni àbí wọ́n á kà á sí i? Ṣé wọ́n lè gbé yín lọ sílùú tẹ́ ẹ ò mọ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ já a, ṣé gbogbo owó lẹ máa san padà ni àbí ohun tó kù nínú ọdún yẹn, ṣé èlé wà lórí ẹ̀? Ṣé owó oṣù yín máa bá ti àwọn tó kù dọ́gba? Ta ni wọ́n ní kó dúró fún yín? Ọ̀rẹ́ mi kan fọwọ́ sí tiẹ̀ láìkà á, ìgbà tó fẹ́ lọ ló rí i pé wọ́n ti mú ilé bàbá ẹ̀ dúró fún owó yẹn. Tí wọn ò bá fẹ́ jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ìwé náà lọ sílé kí ẹlòmíì bá yín kà á, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Lóònù ńkọ́?

Ẹ yá ohun tẹ́ ẹ nílò, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá lè fún yín. Ẹ wá iye tí agbẹ̀bí tuntun ń gbà lóṣù níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá wo iye tẹ́ ẹ máa máa san padà lóṣù, ẹ yọ ọ́ kúrò, ṣé èyí tó kù á gbé yín? Lóònù akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba sábà máa ń fún yín láyè kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ríṣẹ́, ti báǹkì lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi áàpù yáni lórí fóònù, ẹ má fi san owó ilé ìwé láé, èlé ẹ̀ á ti jẹ yín run kẹ́ ẹ tó débi ìdánwò.

Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń kàwé?

Ọdún àkọ́kọ́, bóyá. Tí clinical bá ti dé, ṣífítì tiwọn lẹ máa máa tẹ̀lé, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ìparí ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ọ̀gá tó máa gbà yín síṣẹ́ lórí ìyẹn àfi tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè fúnra yín yan àkókò ẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú wọ́ọ̀dù, ìyẹn dáa torí ojú yín ti là síbẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ tọ́jú owó tẹ́ ẹ máa ná ní ọdún tó kẹ́yìn sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọdún yẹn ló le jù lára àti lápò.

Mo ti kọ lẹ́tà sikọ́láṣíìpù bíi mẹ́wàá, wọn ò dáhùn. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Mo ti bá àwọn èèyàn ka irú lẹ́tà yìí, ohun kan náà ni mo máa ń rí, ìdajì ìwé jẹ́ ìtàn ìyà. Àwọn tó ń pín owó mọ̀ pé ẹ nílò owó, ìdí tẹ́ ẹ fi kọ̀wé nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ẹ máa parí. Ẹ sọ fún wọn pé ilé ìwé yìí ti gbà mí, èyí ni iye ẹ̀ lápapọ̀, èyí ni mo ní lọ́wọ́, èyí ló kù, ibí ni mo fẹ́ ti ṣiṣẹ́ tí mo bá parí. Ẹni tó kọ iye tó kù sílẹ̀ gbangba máa ń jọ ẹni tó ti ronú. Kẹ́ ẹ sì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n béèrè, ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ síbi mẹ́wàá.

Ẹnì kan ní òun máa bá mi rí ààyè àti sikọ́láṣíìpù tí mo bá kọ́kọ́ sanwó fún òun, ṣé òótọ́ ni?

Olè ni.

Mo ti ń bá ìyá àgbà wa gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé wọn ò lè fún mi ní láísẹ́ǹsì lórí ìyẹn?

Ọ̀wọ̀ yín wà níbẹ̀, ọwọ́ yín ti mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè ìrírí nìkan ò lè fún yín ní láísẹ́ǹsì, nínú ìṣirò WHO náà wọn kì í ka agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó mọṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ohun tẹ́ ẹ lè fi ìrírí yẹn ṣe ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí intáfíù, kẹ́ ẹ sì múra sílẹ̀ pé wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi àwọn nǹkan kan tẹ́ ẹ ti ń ṣe tipẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí mo rí tó ṣòro fún jù nílé ìwé kì í ṣe àwọn tí kò mọ nǹkan kan o, àwọn tí ò fẹ́ gbàgbé nǹkan kan ni.

Ṣé mo lè kọ́ ọ ní orílẹ̀-èdè kan kí n lọ ṣiṣẹ́ ní òmíì?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ láísẹ́ǹsì kì í bá yín wọkọ̀ òfuurufú. Láàárín European Union wọ́n ní òfin tó ń jẹ́ kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wá láti ìta lọ sí Britain, ẹ máa fi hàn pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ẹ sì máa ṣe OSCE, ìyẹn ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n máa ń wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ibùdó kan sí ìkejì. Amẹ́ríkà ló le jù nínú gbogbo wọn, torí ìdánwò CNM fẹ́ kẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ètò tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀, agbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún nílé tiẹ̀ lè padà sí kíláàsì.

Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ parí sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ ka ohun tí àjọ ibẹ̀ ń béèrè, ẹ wá yan ilé ìwé tó máa fún yín ní nǹkan wọ̀nyẹn, kẹ́ ẹ sì gba ìwé tó ní àlàyé gbogbo kọ́ọ̀sì pẹ̀lú wákàtí ẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwé kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ilé ìwé lè ti pa, ẹni tó lè bá yín kọ ọ́ lè ti fẹ̀yìn tì.

Mo ti bẹ̀rẹ̀, owó ti tán láàárín. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ẹ má kàn pòórá. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró láìsọ, ilé ìwé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá, ó sì ṣòro kí wọ́n tó gbà á padà. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ dá kọ́ọ̀sì dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa padà, kẹ́ ẹ gba èsì lórí bébà. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ láti parí látọjọ́ tó wọlé, torí òpin máa ń wà fún un. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ wọn ní gbèsè, ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ máa gbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín.

Kẹ́ ẹ tó jáde lọ́jọ́ yẹn, ẹ rí i pé gbogbo ìbí tẹ́ ẹ ti gbà ní ìbuwọ́lù agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ nínú logbook yín, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ ń kọ gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe sí, torí àwọn agbẹ̀bí yìí máa ń kúrò ní ọsibítù, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín buwọ́ lu ìbí tí kò sí níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ẹ̀, ẹ fi pamọ́ síbi méjì, kẹ́ ẹ gbé ojúlówó lọ sílé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn.